Ẹni Tí Másùn Yóò Gba Oúnjẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìyá Onílé kò pariwo. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá fúyẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní ọmọ jòjòló tó wà ní yàrá kejì kò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́ nítorí igbe ajá, ìyá ọmọ náà sì ti ń wo òun bíi pé òun gan-an ló ń gbó. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n kó jáde o. Ṣùgbọ́n bí oṣù yìí bá fi lè parí tí ajá náà ṣì ń dá wà nínú ilé lójú ọ̀sán, kí wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa fi í ta lọ́rẹ.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní ọ̀rọ̀ náà ti yé òun, ó sì dúpẹ́. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí bó bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ, aṣọ tó rún bí ojú arúgbó á na tàntàn. Àárọ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Bàbá rẹ̀ ló ni ajá tí wọ́n ń pè ní Másùn, bàbá ló sì ń mú un jáde tẹ́lẹ̀, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú un ní apá ọ̀tún, tó mú ìdajì ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá kò gbà. Ó so okùn ajá mọ́ ọwọ́ òsì, ó ní òun ṣì lè rìn. Ajá rí ológbò, ó tú pùú, ó fa bàbá bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló ń wá gbé bàbá láràárọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìrìn, Másùn á sì máa dá pohùn réré nínú ilé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń kọ́ bàbá ní ìrìn ti sọ fún un pé àwọn kò tíì rí arúgbó tó ń sapá tó báyìí, pé bí wọ́n bá bi í kí ló ń lé, á ní òun fẹ́ mú ajá òun dé ẹnu géètì. Bí ajá bá lọ, bàbá yóò jókòó. Bí bàbá bá sì jókòó, kò ní dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, kò sí àbùlà níbẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe ń wá alágbàtọ́jú ajá, ẹni tí yóò máa gbà á láàárọ̀, tí yóò sì dá a padà nírọ̀lẹ́. Bàbá gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ó ní òun ní ohun kan láti sọ.

Ọlọ́dẹ ni bàbá kí àìsàn tó dé. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ṣọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ajá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú Másùn, ajá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n ọ̀fun ló pa á. Àwọn olè ju ẹran díndín kọjá ògiri, ajá jẹ ẹ́, májèlé wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá ti kú, ẹrù ti lọ, wọ́n sì ń bi bàbá léèrè bóyá òun náà mọ̀ sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nígbà tí Másùn dé ní kékeré, bàbá kọ́ ọ kó má jẹ, kó má mu, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tí bàbá fúnra rẹ̀ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú oúnjẹ nínú rẹ̀, tó sì sọ pé, "Gbà." Ọwọ́ méjì péré ló ti gbà bẹ́ẹ̀ láyé: ọwọ́ bàbá àti ọwọ́ Ìyá Áyọ́ọ̀nù.

"Má sọ fún wọn," ni bàbá wí. Ẹnu rẹ̀ tó yẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, ṣùgbọ́n ó yéni. "Bó o bá dé nírọ̀lẹ́, bi wọ́n bóyá ó jẹun. Ẹni tó bá ní ó jẹun, òpùrọ́ ni. Mi ò ní gbé ẹ̀mí ajá mi lé òpùrọ́ lọ́wọ́."

Ó dà bí ọgbọ́n lójú Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Ebi ọjọ́ kan kì í pa ajá.

Ibi tó kọ́kọ́ mú un lọ kò ju ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì lọ, èyí sì wù ú. Táìlì funfun ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ọṣẹ olóòórùn dídùn ló ń ta síni nímú, ajá kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀ àti tìmùtìmù tirẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ni ibẹ̀. Á rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, á tún rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́ tán. Kò bèèrè ohunkóhun ju orúkọ ajá lọ. Ó gba okùn lọ́wọ́ Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ọmọ ti délé.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù fi gbogbo ọjọ́ náà gbàdúrà kí obìnrin yìí sọ òótọ́. Bó bá sọ pé ajá kò jẹun, wàhálà ti parí. Nírọ̀lẹ́, ó dé ibẹ̀, Másùn fò mọ́ ọn, ó sì bèèrè bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ó jẹun kẹ̀?" Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń yí i síbí sọ́hùn-ún. "Inú ọwọ́ mi yìí ló ti jẹ ẹ́. Díẹ̀ ló kù kó gbé ìka mi mì, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó ń bá ara rẹ̀ jà lójú ọ̀nà. Bóyá ebi ti ṣẹ́gun ẹ̀kọ́. Bóyá Másùn ti dàgbà, kò rántí mọ́. Èèyàn tí ohun kan bá wù, kò ní ṣàì rí ẹlẹ́rìí tí yóò pè fún un.

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó ní kó lọ pe Ìyá Onílé kó mú ẹran kan dání. Ìyá Onílé dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn eegun ẹ̀yìn, ó na ẹran sí Másùn. Itọ́ dà lẹ́nu ajá, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wo ẹran, ó gbé ojú kúrò. Nígbà tí Ìyá Onílé tún sún un mọ́ ọn, ó kùn lábẹ́ ọ̀fun.

Ìyá Onílé dìde, inú bí i díẹ̀. Ó ní ẹran tí òun alára kò tíì fi ẹnu kàn lòún mú wá fún un, ó sì ń yínmú sí i. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù bu oúnjẹ sí ọwọ́ ara rẹ̀, Másùn sì jẹ ẹ́ bí iná tó ń jó koríko gbígbẹ. Ìyá Onílé wò ó títí, ó mi orí. "Ajá yín ní ìwà ju àwọn ayálégbé mi kan lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n oṣù ń lọ o."

Òun kan náà ló sọ fún wọn nípa Alápatà.

Iṣẹ́ ẹran ni ọkùnrin náà ṣe títí tó fi sú u, tó sọ pé òun kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ajá tọ́jú. Iṣẹ́ lọ, orúkọ dúró. Nígbà tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń gbé ajá fún alápatà. Ọgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Kò sí táìlì níbẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀, páànù ni òrùlé, òórùn ajá sì pàdé rẹ̀ láti òkèèrè. Ọkùnrin náà tóbi, kò rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lẹ́nu géètì kó tó ṣí i.

Kí ni ajá náà ń jẹ? Ìgbà wo? Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí? Àwọn ajá mìíràn ńkọ́, ṣé ó ń bá wọn jà? Ṣé wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní wọ́n ti gún un. Òótọ́ ni, wọ́n gún un. Àwọn ọ̀gá bàbá níbi tó ti ń ṣọ́dẹ ló ń gún un lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí. Èyí ló gbé mì. Ó rò ó nínú ọkàn pé bí òun bá sọ ọ́, wọn kò ní gba ajá.

Alápatà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ohun kan ṣì kù tó yẹ kí n mọ̀ nípa rẹ̀, tí ẹ kò tíì sọ?"

"Kò sí," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù dáhùn. Yanrìn ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Aṣọ ìbùsùn ló wà níwájú rẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, ooru ń bù sókè lára wọn, òun sì ń fetí sí àpò rẹ̀ tó fi kọ́ ara ìṣó, níbi tí fóònù rẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó dún. Alápatà ni. Ó ní Másùn kò jẹun, kò sì fẹnu kan omi.

Inú Ìyá Áyọ́ọ̀nù dùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ó ti rí i. Ó ti rí ẹni tó ń sọ òótọ́. Ó ní kí Alápatà má ṣèyọnu, ojú ń ti ajá náà ni, yóò mọ́ ọn lára. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó ń dá kọrin jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí fóònù tún dún, ohùn Alápatà ti yí padà.

"Ìyá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé omi sún mọ́ ọn, ó ta kété, ó fẹ́ bù mí jẹ, eyín rẹ̀ ha ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo ti dá a tì sọ́tọ̀, mo ti pe dókítà ẹran. Ọdún wo ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí aṣọ.

"Ìyá. Ọdún wo?"

Kò sí ẹni tó gbọ́ dìgbòlugi tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ajá tí kò mu omi, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń kọjú ìjà sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: ọmọdé pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀rọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀. Ohun tí bàbá kọ́ ọ láti fi dá ẹ̀mí rẹ̀ sí ni yóò pa á yìí. Ìyá Áyọ́ọ̀nù sọ sínú fóònù pé òun ń bọ̀, ó fa àpò yọ, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ẹnì kan tó kígbe sí i pé ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó gun alùpùpù kan tó rí, ó ń ṣe "ẹ sáré, ẹ jọ̀wọ́" lẹ́yìn awakọ̀ títí ọkùnrin náà fi ní bí ó bá tún sọ ọ́, òun máa já a sílẹ̀.

Nígbà tó dé, ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọgbà. Ó kàn rí wọn ni. Wọ́n ti kó àwọn ajá yòókù lọ sí apá kejì. Másùn nìkan ló wà nínú àhámọ́ onírin, ó fẹ̀yìn ti igun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ gùn lẹ́nu rẹ̀ bí òwú. Dókítà ẹran, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn dé ìgbọ̀nwọ́, di ọ̀pá gígùn kan mú tí wọ́n so okùn mọ́ lórí. Àpótí oògùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí àpótí ìjókòó. Alápatà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ wé ọwọ́.

Nígbà tó sún mọ́ wọn, ó gbọ́ tí dókítà ń sọ pé bó bá jẹ́ pé ajá náà kò tíì fi eyín kan ẹnikẹ́ni ni, òun ì bá tì í mọ́lé kí òun máa wò ó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, àwọn ajá oníajá sì pọ̀ nínú ọgbà yìí, ẹ̀jẹ̀ sì ti jáde lọ́wọ́ èèyàn. Ó ní kí Alápatà di ilẹ̀kùn mú.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

"Kì í ṣe dìgbòlugi," ló wí. "Àwa la fi ebi pa á. Wọ́n kọ́ ọ kó má gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀. Mo mọ̀ láti àárọ̀."

Dókítà kò gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó ní kí ìyá yìí jìnnà sí àhámọ́. Ìyá Áyọ́ọ̀nù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fún un lómi lójú wọn, bí kò bá mu ún, kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Dókítà wojú Alápatà. Alápatà ló gbé omi wá. Ìyá Áyọ́ọ̀nù bomi sínú àtẹ́lẹwọ́, ó ki ọwọ́ bọ àárín irin. Fún ìgbà díẹ̀, Másùn kò mira. Lẹ́yìn náà ló wọ́ sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó sì mu. Ó mu, ó mu, ó lá irin, ó lá ilẹ̀ tí omi kán sí, ó tún padà wá sí ọwọ́. Ó fi ẹran tí Alápatà mú wá sí ọwọ́, ajá gbé e mì láìrún un.

Dókítà gbé ọ̀pá ti ògiri. Ó ní ajá tí dìgbòlugi mú kì í sábà mu omi bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó gún ajá ní abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún Alápatà pé kó lọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ló kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù jẹ́wọ́ fún Alápatà pé ìdánwò ni, kí àwọn lè mọ ẹni tó ń sọ òótọ́. Alápatà ṣí àhámọ́. Ó fa okùn lé Ìyá Áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò jágbe mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mo bi yín bóyá ohun kan kù. Ẹ ní kò sí. Ẹ̀ ń wá ẹni tí kò ní parọ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ parọ́ fún un. Bí ẹ kò bá tètè dé ńkọ́? Èmi ni mo máa di ilẹ̀kùn mú nígbà tí wọ́n bá ń pa á." Ó tọ́ka sí géètì. "Ẹ máa mú un lọ. Mi ò lè gbà á."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù mú Másùn lọ sílé.

Ó ro ẹjọ́ fún bàbá bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò bù ú kù. Ó sọ nípa ọ̀pá, ó sọ nípa ọwọ́ Alápatà tó bẹ́jẹ̀. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, orí Másùn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní, "Ẹni tí à ń wá gan-an nìyẹn, bàbá. A sì ti lé e lọ." Bàbá ń fi ọwọ́ òsì tẹ egungun ìhà ajá náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ibi tó sán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn dé, bàbá ní kó máa lọ. Ó ní kí ọmọ òun mú bàtà òun wá.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù di okùn Másùn mú, wọ́n jọ kọrí sí ọgbà Alápatà. Ìrìn náà jìn fún bàbá. Ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òógùn bo ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní kí wọ́n padà, lẹ́ẹ̀mejì ló ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Alápatà ń fọ abọ́ nígbà tí wọ́n dé, bándéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí arúgbó, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kò ṣí géètì.

"Èmi ni mo kọ́ ajá yìí," ni bàbá wí láti ìta. Ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni tó ń fa omi kànga. "Èmi ni mo ní kó má sọ. Má bínú sí i." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ajá àkọ́kọ́, ẹran díndín, ògiri, bó ṣe bá a ní ilẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ mọ́. Alápatà dúró, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní òun dúpẹ́ pé bàbá wá. Ó ní inú òun kò dùn láti lé àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n fi pamọ́ fún òun?

"Mú ẹran wá," ni bàbá wí. "Kí o fún mi ní ọwọ́ rẹ."

Kò yé Alápatà. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló ṣàlàyé fún un. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ní ajá yìí, bàbá kò tíì di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú fún un yàtọ̀ sí ti òun. Ẹni tí bàbá bá di ọwọ́ rẹ̀ mú lónìí, ó lè fi ẹran kan pa Másùn lọ́la, Másùn yóò sì jẹ ẹ́.

Alápatà wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tí kò sí bándéèjì lára rẹ̀. Àpá ọ̀bẹ kún un. "Ẹ mọ ohun tí mo ti fi ọwọ́ yìí ṣe rí, bàbá?"

"Alápatà ni wọ́n ń pè ọ́," ni bàbá dáhùn. "Wọn kò pè ọ́ ní agbẹ̀bí. Ṣí géètì."

Ó ṣí i. Wọ́n wá àga fún bàbá. Alápatà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹran ní àtẹ́lẹwọ́, bàbá sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ náà mú láti abẹ́. Másùn sún mọ́ wọn. Ó gbóòórùn ọwọ́ bàbá. Ó gbóòórùn ti Alápatà, irun ọrùn rẹ̀ sì dìde. Ó gbójú sókè wo bàbá, ó ń dúró.

Bàbá la ẹnu. Ohun tó jáde kò jọ ọ̀rọ̀ kankan. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò tíì sọ "Gbà" fún ajá yìí rí, nítorí kò sí ọwọ́ tuntun. Ó tún gbìyànjú, ètè rẹ̀ kò pàdé, itọ́ yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Ajá náà mú ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ìyá Áyọ́ọ̀nù la ẹnu láti bá a sọ ọ́, Alápatà sì mi orí fún un pé kó dákẹ́.

Bàbá pa ojú dé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Gbà."

Ó wọ́, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n òun ni. Másùn sún padà wá. Ó mú ẹran náà jẹ́jẹ́, ó jẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀.

Ó lá wọn pẹ́. Nígbà tó ṣe, Alápatà ní bàbá lè gbé ọwọ́ kúrò báyìí. Bàbá kò gbé e. Alápatà kò fa tirẹ̀ yọ. Ibi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí náà ni Alápatà wà nígbà tó yí ojú sí Ìyá Áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló kù?"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù mọ̀ pé wọ́n ti ń wá òun níbi iṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ aṣọ tó jó lánàá ṣì wà nílẹ̀ ń dúró dè òun. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó. Ó ní Másùn kì í fẹ́ rí agbòòrùn. Ó ní bí àrá bá sán, ó máa ń fi orí bọ abẹ́ nǹkan, kí wọ́n má fà á jáde. Ó ní ó ti ya ṣòkòtò ẹnì kan rí, àwọn sì bẹ ẹni náà. Ó wo bàbá, ó sì sọ ọ́: pé bó bá rí ológbò, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, pé ajá náà ló fa bàbá bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, kí Alápatà má ṣe so okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ láéláé.

Alápatà ní irú èyí lòún ń bèèrè láti àná. Ó ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń sọ ọ́ lọ, oòrùn ń gòkè lórí páànù, bàbá kò sì tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ Alápatà.